Bàálù Tó Fi Ọdún Mẹ́ta Jù Ọ́ Lọ

Àbíkẹ́yìn mi, ọmọ tó ń jẹ́ kí n máa yan bí mo bá ń rìn,

Mo kí ọ o. Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìjókòó, nítorí ìyá rẹ sọ fún mi pé iṣẹ́ tí o ń ṣe ní ìlú ńlá yẹn, ìjókòó ni láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, wọ́n sì ń sanwó fún ọ lórí rẹ̀. Ọlọ́run tó fún ọ ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní jẹ́ kí àga yẹn dá mọ́ ọ lábẹ́. Bí o ṣe ń jáde lówùúrọ̀ ni wàá máa wọlé nírọ̀lẹ́, tẹsẹ̀tẹsẹ̀, tọwọ́tọwọ́. Ẹni tó bá ní ilé rẹ kò ní tòrò, tirẹ̀ ni kò ní tòrò. Kí o tó ka èyí tó kù, ṣe àmín sókè kí àwọn tí ẹ jọ ń jókòó gbọ́.

Àlàáfíà ni a wà nílé. Ìyá rẹ ń bá mi jà lójoojúmọ́, ìyẹn ni mo fi mọ̀ pé ara rẹ̀ le. Ẹ̀rọ ọlọ mi náà wà dáadáa, ó ń lọ nǹkan, ó ń pariwo, àwọn èèyàn ń tò síwájú rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń tò síwájú rẹ̀ nígbà tí o wà lọ́mọdé. Àbúrò mi Tíṣà ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí, bí mo ṣe ń sọ ọ́ ló ń kọ ọ́. Kì í ṣe pé èmi ò lè kọ ọ́ o. O mọ̀ pé ọwọ́ ìkọ̀wé mi dára ju tirẹ̀ lọ láti kékeré, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni wọ́n fi ṣe tíṣà. Ọwọ́ ọ̀tún ló kàn ń dùn mí díẹ̀. Tíṣà ní kí n sọ fún ọ pé akọ̀wé lásán ni òun, òun kọ́ ló ni ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà yìí, kí o má wá bínú sí òun tó bá yá.

Mo rí tíkẹ́ẹ̀tì bàálù tí o rà fún mi. Ká sọ tòótọ́, mi ò rí i, torí o ní inú fóònù ni o fi ránṣẹ́ sí. Tíṣà yẹ inú fóònù wò, ó ní lóòótọ́ ó wà níbẹ̀. Mo ní kó yọ ọ́ jáde, ó ní kò ṣeé yọ. Mo wá bi í léèrè pé bí ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà bàálù bá ní kí n mú tíkẹ́ẹ̀tì wá, ṣé kí n gbé fóònù fún un kó máa gbé e lọ ni, kí n wá dé ọ̀dọ̀ rẹ lọ́wọ́ òfo? A gbé e lọ sọ́dọ̀ ọ̀gbẹ́ni tó ní ẹ̀rọ tó ń da ìwé kọ ní ìgboro, ó fà á jáde sórí ìwé mẹ́ta. Ọ̀kan wà lápò mi, ọ̀kan wà lábẹ́ ìrọ̀rí, mo fi ẹ̀kẹta pamọ́ síbi tí mi ò rántí mọ́, torí náà kò sí olè tó lè rí i.

A ti kọ ọ̀rọ̀ kún fọ́ọ̀mù tó bá tíkẹ́ẹ̀tì náà wá. Wọ́n béèrè nọ́ńbà ẹni tí wọn yóò pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí mi lójú ọ̀nà. Nọ́ńbà tèmi ni mo ní kí Tíṣà kọ síbẹ̀, nítorí bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí mi, ta ni yóò tètè mọ̀ jù mí lọ? Tíṣà ní mi ò ní lè gbé e. Mo ní bí wọ́n bá pè mí tí mi ò gbé e, wọn yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà le. A fa ọ̀rọ̀ yìí títí ìyá rẹ fi wá gba bírò lọ́wọ́ wa, tó dá a padà fún Tíṣà, tó ní kó kọ nọ́ńbà òun.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ tí mo torí rẹ̀ kọ̀wé nìyí. Mo mọ̀ pé oṣù méje ni o fi ń tọrọ àyè lọ́wọ́ dókítà ojú yẹn, láti ìgbà tí nọ́ọ̀sì ti tan tọ́ọ̀ṣì sí mi lójú tó kọ ìwé lé ọ lọ́wọ́. Mo mọ̀ pé wọ́n ti dá ọjọ́ fún mi, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù tó ń bọ̀, àti pé bí mo bá pa ọjọ́ yẹn jẹ, ó di ọdún tó ń bọ̀, dókítà sì ní ojú mi kò ní dúró de ọdún tó ń bọ̀. Gbogbo rẹ̀ ni mo gbọ́. Mo ti sọ fún ọ pé ojú mi kò burú tó bí ẹ ṣe ń sọ ọ́, kùrukùru díẹ̀ ló wà níbẹ̀, kùrukùru sì máa ń ká kúrò tó bá yá. Mo tún sọ pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ṣùgbọ́n nítorí tìrẹ mo gbà láti wá, mo ti di ẹrù mi. Ohun kan ṣoṣo ló dí mi lọ́nà, òun náà ni ọjọ́ orí bàálù yẹn.

Káfíńtà tó wà ní ìdojúkọ wa ló kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ náà dé. Ó ń fá pákó lọ́wọ́, ó ń gbọ́ rédíò, ni ọ̀gbẹ́ni kan nínú rédíò bá béèrè pé ǹjẹ́ bàálù tó ti dàgbà kò léwu láti wọ̀ ju tuntun lọ? Ó ní ohùn ẹni tí ọ̀rọ̀ ń dùn ni ọ̀gbẹ́ni náà fi béèrè. Ó ní onímọ̀ kan wà lọ́dọ̀ wọn tí yóò dáhùn, onímọ̀ náà sì wúkọ́ láti bẹ̀rẹ̀, àfi bí bátìrì rédíò ṣe kú. Káfíńtà kò dúró ra bátìrì. Ó sáré wá bá mi nídìí ẹ̀rọ. Mo bi í pé kí ni ó rò pé onímọ̀ náà fẹ́ sọ, ó ní ẹni tó bá fẹ́ sọ ohun rere kì í wúkọ́ kó tó sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára gan-an. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, gbogbo abúlé ti mọ̀ pé rédíò ní bàálù ògbólógbòó ń já bọ́. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́, wọ́n ti ń sọ pé èyí tí ọmọ mi rà fún mi gan-an ni rédíò dárúkọ.

Mo ní kí Tíṣà pe nọ́ńbà tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì. Obìnrin kan gbé e, ó kí wa káàbọ̀, èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í kí i, mo béèrè ilé, mo béèrè ọ̀nà, mo béèrè àwọn ọmọ. Kò dáhùn. Ó ní kí n tẹ ení, kí n tẹ èjì. Mo ní mi ò ní tẹ nǹkan kan àfi tó bá kọ́kọ́ sọ fún mi bí ara àwọn ọmọ ṣe le. Ó tún bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Tíṣà ní kì í ṣe èèyàn, ohùn lásán ni. Mo bi í pé ohùn ta ni. Nígbà tó yá, èèyàn gidi gbé e, ọmọkùnrin kan, mo bi í pé ọdún mélòó ni bàálù yẹn ti wà láyé. Ó ní kí n fún òun ní ìṣẹ́jú kan, ó lọ, ó padà, ó ní ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni, àti pé kí n má ṣe dààmú. Láti ìgbà tí mo ti dáyé, kò sí ẹni tó ní kí n má dààmú tí mi ò dààmú.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n! Ọmọ mi, ìwọ gan-an jẹ́ méjìdínlọ́gbọ̀n. Bàálù yìí fi ọdún mẹ́ta jù ọ́ lọ. Bó bá jẹ́ èèyàn ni, wàá máa kí i lórí ìkúnlẹ̀. Ta ló ń fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ gbé bàbá rẹ̀ gba ojú sánmà?

Mo pe ìpàdé sí iwájú ẹ̀rọ mi lọ́jọ́ náà. Èmi, Tíṣà, Káfíńtà àti ìyá rẹ la jókòó, àwọn tó wá lọ nǹkan sì dúró tì wá. Mo gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀. Káfíńtà ní kò sí ohun tó ń gbó tí kì í bàjẹ́. Ìyá rẹ wá dá sí i, ó ní ẹ̀rọ tí mo fẹ̀yìn tì yìí ńkọ́, ṣé kì í ṣe ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló pé? Mo ní ẹ̀rọ tèmi yàtọ̀. Mo ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo ti pààrọ̀ bẹ́líìtì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mọ́kànlá, mo ti pààrọ̀ òkúta rẹ̀, mo ti pààrọ̀ ẹsẹ̀ tó fi dúró, ó ku orúkọ mi tí mo fi ọ̀dà kọ sí i lára. Ìyá rẹ ní a jẹ́ pé mo ti ra ẹ̀rọ mẹ́ta láìmọ̀. Àwọn tó dúró tì wá rẹ́rìn-ín, mo sì ní kí wọ́n lọ tò dáadáa. Ó tún ní bóòtù tó fò kúrò lára rẹ̀ lọ́dún tó kọjá tó dá òrùlé lu ńkọ́? Mo ní mo ti fi wáyà dì í, ihò òrùlé yẹn sì ń jẹ́ kí èéfín jáde, àǹfààní ni.

O lè ní kí n kúkú wọ mọ́tò. Ọjọ́ méjì gbáko ni mọ́tò ń rìn dé ọ̀dọ̀ rẹ, ẹ̀yìn mi kò gbà á mọ́. A tún rí ohun tí mọ́tò ṣe láìpẹ́ yìí. Ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ ra bọ́ọ̀sì tuntun, tuntun ni mo wí, ọ̀rá ṣì wà lára ìjókòó rẹ̀. Wọn ò yẹ bíréèkì rẹ̀ wò nítorí wọ́n ní àbùkù ni kéèyàn máa yẹ ohun tuntun wò, bí ẹni pé a ò fọkàn tán ẹni tó tà á. Ní ọjọ́ kẹrin, bọ́ọ̀sì náà kúrò lójú ọ̀nà, ó wọ ṣọ́ọ̀bù aránṣọ lọ. Kò sí ẹni tó fara pa, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìránṣọ rún wómúwómú. Wọ́n ní kí n wà lára àwọn tí yóò yanjú ọ̀rọ̀ náà, a sì dájọ́ pé ògiri aránṣọ ló sún mọ́ títì jù. Èyí túbọ̀ jẹ́ kó dá mi lójú pé ohun tuntun ló dára, nítorí bó bá jẹ́ bọ́ọ̀sì ògbólógbòó ni, ṣọ́ọ̀bù méjì ni ì bá wọ̀.

Mo ní ojú olójú kò jọ ojú ẹni, èmi fúnra mi ni màá lọ yẹ bàálù yẹn wò kí n tó wọ̀ ọ́. O mọ̀ pé kò sí ẹ́ńjìnnì àlòkù tí wọ́n ń rà ní agbègbè yìí tí wọn kì í pè mí sí. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé màá ní kí wọ́n tan án, màá wo àwọ̀ èéfín rẹ̀, màá fọwọ́ kan ara rẹ̀ láti mọ bó ṣe ń gbóná, lẹ́yìn náà màá fi irin gígùn mi kan ẹ́ńjìnnì náà, màá gbé etí lé orí rẹ̀, màá sì gbọ́ gbogbo ohun tó ń fi pa mọ́. Bí mo ṣe mú irin mi nìyẹn, tí èmi àti Tíṣà gbéra lọ sí pápá bàálù.

Ibẹ̀ mọ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n fi gíláàsì ṣe ilẹ̀kùn kan láìfi àmì sí i, mo fi iwájú orí kàn án. Tíṣà ní àmì pupa wà lára rẹ̀, ó gùn tó apá. Èmi ò rí àmì kankan. Bí a ṣe wọlé, ẹ̀ṣọ́ kan gba irin mi, ó ní ẹnì kan kì í mú irú rẹ̀ kọjá ibẹ̀. Mo bi í pé bí bàálù bá bàjẹ́ lókè, kí ni wọ́n fẹ́ fi tún un ṣe, àdúrà? Ó ní òun ò mọ̀. Mo ní kó pe ẹni tó mọ̀ wá, mo sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní àárín ọ̀nà, níbi tí àwọn èèyàn ti ń fa àpótí ẹlẹ́sẹ̀ kọjá. Ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì wá bẹ̀ mí, mo ní mi ò dìde. Ọ̀gá kan tó wọ táì wá, ó ní ilé iṣẹ́ àwọn ò fi ààbò ṣeré rárá. Mo ní kó na ọwọ́ rẹ̀, mo fọwọ́ kan àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó rọ̀ bí òwú. Mo ní kó máa lọ, kó pe ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ le wá.

Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, wọ́n mú ẹnjiníà wọn wá. Obìnrin ni, kò tíì ju ọmọ ogójì ọdún lọ. Kó tó dé ọ̀dọ̀ mi ni mo ti ń gbóòórùn epo ẹ́ńjìnnì lára rẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí mi, mo fọwọ́ kan àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó le bíi tèmi. Ara mi balẹ̀. Mo béèrè gbogbo ohun tí mo máa ń béèrè bí a bá fẹ́ ra àlòkù. Mo ní ta ló kọ́kọ́ ni bàálù yìí, ṣé ó ti wọ inú omi rí, ṣé ó ti kọlu nǹkan rí, ṣé awakọ̀ kan ló ń wà á àbí gbogbo ayé. Ó dáhùn ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ọwọ́ kẹta ni bàálù náà wà báyìí, kò wọ omi rí, ẹ̀rọ tó ń gbé ẹrù fara kàn án nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sì sọ ọjọ́ tí wọ́n tún ibẹ̀ ṣe.

Ó wá ṣàlàyé fún mi. Ó ní àwọn kì í ka ọdún nìkan lára bàálù, wákàtí tó fi fò àti iye ìgbà tó gòkè tó sọ̀ kalẹ̀ ni àwọn ń kà. Ó ní nígbàkúùgbà tí bàálù bá gòkè, ara rẹ̀ máa ń wú díẹ̀, tó bá sọ̀ kalẹ̀ á rọlẹ̀, bí ẹni tó ń mí. Mímí yẹn ló ń mú kí ara irin ya díẹ̀díẹ̀, ìyẹn ni àwọn fi ń wá ibi tó ya kí ẹnikẹ́ni tó lè fojú rí i. Ó ní bó bá tó àkókò, àwọn a tú u palẹ̀ títí dé eegun, àwọn a pààrọ̀ ohun tó yẹ, ẹni tó bá ṣe é á fọwọ́ sí i, ẹlòmíràn á tún yẹ ẹ́ wò, òun náà á fọwọ́ sí i. Mo ní kó dá mi lóhùn ṣókí, ṣé bàálù àgbà léwu ju ọmọdé lọ àbí kò léwu jù ú lọ. Ó ní bàálù àgbà ń jẹ epo jù, wàhálà rẹ̀ nílẹ̀ pọ̀, ó máa ń jẹ́ kí àwọn èrò dúró pẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ sì ń pọ̀ sí i lọ́wọ́ àwọn bó ṣe ń dàgbà. Ṣùgbọ́n bí àwọn bá ṣe iṣẹ́ náà pé, òun á gbé ọmọ òun sínú rẹ̀. Ó ní àgbà tí wọn ò tọ́jú léwu, ọmọdé tí wọn ò tọ́jú náà léwu. Mo rántí bọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ àgbẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò sọ ọ́ fún un, ọ̀rọ̀ ilé ni.

Mo ní mo fẹ́ rí ìwé tí wọ́n ń fọwọ́ sí. Mo sọ ọ́ sókè kí gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ gbọ́. Ó wọlé, ó gbé ìwé ńlá kan jáde, ó fi lé mi lọ́wọ́. Tíṣà dúró lápá kejì tábìlì. Mo ṣí ìwé náà, mo wò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo ń ṣí ewé kan tẹ̀lé òmíràn, mo ń mi orí. Mo ní ó dára, ohun gbogbo wà létòlétò. Ní ojú ewé kan mo ní kí wọ́n túbọ̀ ṣọ́ra níbẹ̀ yẹn. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Lẹ́yìn ìyẹn ló wá ń bi mí ní ìbéèrè tirẹ̀, mi ò sì mọ ẹni tó rán an. Ó ní ìwé ẹ̀rọ ọlọ mi tí mo ti ń ròyìn fún un dà? Mo ní inú orí mi ni ìwé rẹ̀ wà. Ó ní ìgbà wo ni mo máa ń pààrọ̀ bóòtù, mo ní ìgbà tó bá já. Ó ní èmi alára ńkọ́, ọmọ ọdún mélòó ni mí, mo ní mọ́kànléláàádọ́rin. Ó ní ta ló yẹ mí wò kẹ́yìn? Mo ní kò sí ohun tó ṣe mí rí, àfi nọ́ọ̀sì kan tó tan tọ́ọ̀ṣì sí mi lójú. Ó wá ní kí n má bínú o, bí wọ́n bá gbé bàálù kan wá tó jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, tí ẹnikẹ́ni kò ṣí ìdérí rẹ̀ wò rí, tí iná iwájú rẹ̀ sì ń ṣe bàìbàì, òun ò ní jẹ́ kó fò, òun ò ní jẹ́ kó tilẹ̀ yí táyà. Tíṣà rẹ́rìn-ín títí tó fi di ògiri mú. Mo bínú gan-an. Mi ò bá Tíṣà sọ̀rọ̀ títí a fi délé, àfi ìgbà tí mo ní kó dì mí lọ́wọ́ mú sọdá títì.

Nígbà tí a délé, mo sọ fún gbogbo wọn pé mo ka ìwé bàálù náà tán pátá, kò sí àléébù. Káfíńtà ní ṣé ìwé náà kò gbó ju bàálù lọ? Mo ní kó lọ ra bátìrì sí rédíò rẹ̀.

Nítorí náà, mo gbà láti wọ bàálù ògbólógbòó náà. Ṣùgbọ́n kí o fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, kì í ṣe fún ara mi o. Mo fẹ́ ra ìwé kan tó nípọn, èyí tí èèpo rẹ̀ le, tí màá máa kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ mi sí, ìyá rẹ ni yóò máa fọwọ́ sí i, ó ti ní òun ò ní fọwọ́ sí ohun tí wáyà bá wà lára rẹ̀, torí náà kí o fi owó bóòtù mẹ́fà kún un. Ẹ̀wù mi kan ṣoṣo tó dára, inú ṣọ́ọ̀bù aránṣọ ló wà lọ́jọ́ tí bọ́ọ̀sì wọlé, ìyẹn náà kò ṣeé gbàgbé. Kí o fi owó mọ́tò tí yóò gbé mi dé pápá bàálù sí i, àti ti Tíṣà tí yóò sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Tíṣà ní òun ò béèrè nǹkan kan, ṣùgbọ́n ó ti kọ iye tirẹ̀ sínú ìwé mìíràn, yóò fi há inú lẹ́tà yìí. Má rán owó náà sí báǹkì. Nígbà tí o rán èyí tó kọjá, mo lọ síbẹ̀ kí wọ́n jẹ́ kí n rí i, wọ́n ní ó wà nínú kọ̀ǹpútà. Mo ní mo fẹ́ rí èyí tó jẹ́ tìrẹ gan-an, wọ́n ní wọ́n ti dà á pọ̀ mọ́ ti àwọn ẹlòmíràn.

Ọmọ mi, Tíṣà ti lọ ra àpòòwé. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ń kọ ibí yìí. Bí ìlà kan bá gun orí ìkejì, má bínú. Ọwọ́ mi kò dùn mí rí. Mi ò rí orí ìwé ni.

Mi ò ka ohunkóhun nínú ìwé ọmọ yẹn. Funfun ni gbogbo rẹ̀ lójú mi. Òkè ìwé ni mo dà sí ìsàlẹ̀ tí mo ń mi orí, tí mo ń ní kí wọ́n ṣọ́ra. Ó rí i. Kò pariwo, kò jẹ́ kí Tíṣà mọ̀. Ó kàn gba ìwé náà lọ́wọ́ mi jẹ́jẹ́, ó yí i síbi tó yẹ, ó tún fi í lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n máa kà á lọ. Ìyẹn ni mo fi gbà á gbọ́, kì í ṣe àlàyé rẹ̀.

Bàálù kọ́ ni mo ń bẹ̀rù láti ọjọ́ yìí. Ọ̀bẹ dókítà ni. Ojú òsì ti lọ pátápátá, mi ò sọ fún ìyá rẹ. Lọ́jọ́ tí nọ́ọ̀sì ní kí n fọwọ́ bo ọ̀tún, àárín ìka ni mo ti ń yọjú. Ọ̀tún nìkan ló kù fún mi, òun náà ń lọ, ẹ̀rù sì ń bà mí pé bí wọ́n bá fọwọ́ kàn án, ìwọ̀nba tó kù á tán. Nígbà tí o wá kẹ́yìn, mo yìn ọ́ pé aṣọ pupa yẹn yẹ ọ́. Ìyá rẹ fi ìgúnpá gún mi níhà. Mi ò mọ àwọ̀ tó jẹ́ títí di òní. Ọmọ mi, mi ò rí ojú rẹ lọ́jọ́ yẹn. Ibi tí ohùn rẹ ti ń wá ni mo ń wò.

Màá wá. Wọ́n ní èrò máa ń pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà tí a bá sọ̀ kalẹ̀. Má juwọ́ sí mi, mi ò ní rí i. Pè mí. Máa pè mí, má dákẹ́ o, kódà bí àwọn èèyàn bá ń wò ọ́, títí màá fi dé ọ̀dọ̀ rẹ.

Tíṣà ti ń bọ̀, mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ilé ayé á tù ọ́ lára. Ọlọ́run á jẹ́ kí n rí ọ.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.